Ebè Ọ̀rẹ́: àkọsílẹ̀ ebè onípákó kan ní London, láti orí pákó dé orí irúgbìn

Ike onídèérí kan ló bí iṣẹ́ yìí. Àpò bébà mẹ́fà tó kún fún irúgbìn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ló fúnni ní gbogbo wọn, irúgbìn inú mẹ́ta sì ti ń gbó. Irúgbìn tí a kò bá gbìn, kíkú ni yóò kú. Tó bá ti kú, ohun tí ọ̀rẹ́ náà fi lé ẹni lọ́wọ́ ti tán nìyẹn, ó ku fọ́tò inú fóònù.

Nítorí náà a kan ebè kan fún wọn lórí ilẹ̀ allotment ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Irú ilẹ̀ yìí ni ìjọba ìbílẹ̀ máa ń yá aráàlú láti fi gbin nǹkan jíjẹ, òfin ọdún 1908 ló sì gbé e dúró dòní. Odidi kan máa ń tó mítà onígun mẹ́rin 250; ìdajì rẹ̀ ni tiwa. Amọ̀ ni ilẹ̀ London: omi á dúró sórí rẹ̀ nígbà òtútù, á sì sán bí àwo nígbà ooru. Ẹ̀fọ́ tiwa kò fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi kan ebè tí pákó yí ká, tó ga ju ilẹ̀ lọ.

Ohun mẹ́fà tó wà nínú àpò náà nìyí. Ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, láti ọwọ́ obìnrin ará Ìjẹ̀bú-Òde kan tó ti padà sílé. Tẹ̀tẹ̀, láti ọwọ́ ará Jàmáíkà tí oko rẹ̀ kángun sí tiwa, tí òun ń pè é ní callaloo. Ewédú, láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ ará Ìbàdàn tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ àmàlà láìsí gbẹ̀gìrì níbẹ̀. Ilá, láti Abẹ́òkúta. Ẹ̀wà olódòdó pupa tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní runner bean, láti ọwọ́ bàbá arúgbó kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Òdòdó oòrùn, èyí tí olóògbé kan fi sílẹ̀.

Ìpele 0: Ṣé irúgbìn náà ṣì wà láàyè?

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí pákó, ẹ kọ́kọ́ yẹ irúgbìn wò. Ẹ ka 20 sórí bébà ìnuwọ́ tó tutù, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ (ìwọ̀n 22 sí 25°C) fún ọjọ́ méje. Tẹ̀tẹ̀ hù 17 nínú 20. Ṣọkọ hù 14. Ewédú hù 3 péré, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á nù. Àṣìṣe ńlá ni ìbá jẹ́, torí ewédú náà kò kú. Èèpo rẹ̀ ló le, omi kò ráyè wọlé. Ẹ dì í sínú aṣọ tín-ín-rín, ẹ tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ sì sọ ọ́ sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, 15 hù nínú 20. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Èyí tó lo 30 nínú omi gbígbóná jinná ni, kò hù rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kó irúgbìn láti Nàìjíríà wọ Bìrìtìkó, ẹ má fi sínú àpótí láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Kòkòrò àti àrùn máa ń bá irúgbìn rìn. Èyí tí ẹnìkan ti gbìn tó sì ti gbó níbí ló dára jù láti gbà.

Ìpele 1: Pákó

Pákó àgbékà, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń dúró lé lórí, ni a lò. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 225, nínípọn rẹ̀ 38, gígùn rẹ̀ mítà 3.9. Ohun tó mú kí gígùn yìí dùn mọ́ni ni pé, bí ẹ bá gé e sí 2.7 àti 1.2, kò sí èyí tó ṣòfò. Pákó méjì ti di ebè kan nìyẹn.

Irinṣẹ́: ayùn ọwọ́, dirílì, síkúrù 5 × 80 mílímítà mẹ́rìnlélógún, àti igi onígun mẹ́rin 50 × 50 mílímítà tí a gé sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 45, fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdajì igi igun wà lókè, ìdajì rì sínú ilẹ̀.

Àṣìṣe méjì ṣẹlẹ̀ níbí. Pákó àgbékà máa ń ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dè é lórí kí ó má baà là. A kò yọ irin náà kí a tó fa ayùn, eyín ayùn kan sì kán. Ẹ fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì yọ irin náà àti ìṣó rẹ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Èkejì: a wa síkúrù wọnú pákó láìkọ́kọ́ lu ihò, orí pákó kan sì là tó ìwọ̀n ọwọ́. Ihò mílímítà 4 kọ́kọ́, kí síkúrù tó tẹ̀ lé e, síkúrù mẹ́ta fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Èyí tó là, a fi síkúrù méjì mìíràn dè é ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí orí rẹ̀, ó ṣì dúró.

Pákó kúkúrú wà láàárín pákó gígùn méjì, nítorí náà inú ebè náà jẹ́ mítà 2.62 × 1.2. Ẹ tò ó kí gígùn rẹ̀ kọjú láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ohun tó ga á wà ní apá àríwá, tí kò fi ní ṣíji bo èyí tó kúrú. A fi okùn pín in sí mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 87 × 60. Apá àríwá: ẹ̀wà, ilá, òdòdó oòrùn. Apá gúúsù: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú.

Ìpele 2: Ilẹ̀, àti ìgbẹ́ ẹṣin tó ba ọdún kan jẹ́

Èpò kan wà tí gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí okùn, tó ń lọ́ mọ́ ohun gbogbo, tí òdòdó rẹ̀ sì dà bí agogo funfun. Bí ẹ bá gé e sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ni yóò hù. Ẹ má fi ṣọ́bìrì wà á. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tú ilẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ fà á jáde pẹ̀lú sùúrù. A wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, a tẹ́ páálí ìlọ́po méjì lé e (ẹ yọ gbogbo téèpù àti píìnì), a rin ín gbingbin, kí a tó da ilẹ̀ sí i.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ìgbẹ́ ẹṣin ọ̀fẹ́ ni a dà sókè, nípọn sẹ̀ǹtímítà 15. Ó dúdú, kò rùn, ó dà bí èyí tó ti jẹrà dáadáa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí ẹ̀wà hù, ewé tuntun rẹ̀ ń ká jọ bí ìka ọwọ́ tí a dì, iṣan rẹ̀ sì sún mọ́ra. Tòmátì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe bákan náà. Oògùn apa-èpò tí wọ́n ń fín sórí pápá koríko, aminopyralid, ló fà á. Ẹṣin á jẹ koríko náà, oògùn á gba inú rẹ̀ kọjá láìbàjẹ́, á sì dúró sínú ìgbẹ́. Kò pa koríko àti àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti tòmátì kì í fara dà á. A kó gbogbo rẹ̀ kúrò, bárò 11. Ẹ̀wà ọdún yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo irúgbìn rẹ̀ ni ìbá bá a lọ bí kì í bá ṣe pé a ti fi ìdajì pamọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbin gbogbo irúgbìn ọ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láé.

Báyìí ni a ṣe ń yẹ ìgbẹ́ wò báyìí: a po ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ inú àpò ní ìdajì-ìdajì sínú ìkòkò mẹ́ta, a fi ajílẹ̀ nìkan sínú ìkòkò mẹ́ta mìíràn, a gbin ẹ̀wà mẹ́ta-mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fi àwo ọ̀tọ̀ sábẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan kí omi wọn má pàdé. Bí ewé bá ká jọ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ dé inú ebè.

Ohun tí a padà dà sí i: ajílẹ̀ inú àpò lítà 350 àti ilẹ̀ ọlọ́ràá lítà 300. Ó kún dé sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì ku díẹ̀ tí a fi dí ojú ibi tó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Ìpele 3: Gbígbìn nínú ilé, àti ìkánjú oṣù karùn-ún

Àárín oṣù kẹrin: ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ sínú àwo lójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Irúgbìn wọn kéré bí etù ìbọn, nítorí náà ẹ po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, gíráàmù kan sí ife tíì kan. Ẹ má fi ilẹ̀ tó ju mílímítà 3 bò ó. Ọjọ́ márùn-ún sí méje ni wọ́n fi hù. Ìparí oṣù kẹrin: ewédú, àti ilá tí a rẹ sómi mọ́jú. Ilá lọ sínú ìkòkò sẹ̀ǹtímítà 9 tirẹ̀ tààrà, torí kò fẹ́ kí a da gbòǹgbò rẹ̀ láàmú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù karùn-ún gbóná bí Èkó. A kó gbogbo rẹ̀ lọ sóko lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ní òru kẹta lẹ́yìn náà, òtútù já sí 4°C. Gbogbo ewédú kú. Ilá dúró, kò sì mira fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣọkọ kò kú, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tó burú jù kíkú lọ: ó yọ òdòdó nígbà tí kò tíì ju ìbú ọwọ́ lọ. Bí ṣọkọ bá rí ìyà, á rò pé ọjọ́ òun ti tán, á sì sáré so. Ewé kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tó yẹ ní London ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, nígbà tí òru kò bá lọ sísàlẹ̀ 12°C mọ́. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹ máa gbé wọn síta lọ́sàn-án, kí ẹ máa gbé wọn wọlé lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ tún ní aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ọ̀gbìn nítòsí.

Ìpele 4: Ìgbín tí kò ní ìkarahun

Ẹ̀dá yìí ló ń jẹ ẹ̀fọ́ wa ju ènìyàn lọ. Ní òru àkọ́kọ́, ṣọkọ 9 nínú 20 ti di pòròpóró. A gbìyànjú èèpo ẹyin, kò ṣiṣẹ́. Okùn bàbà yí ebè ká, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá. Bíà nínú ife tí a rì sílẹ̀ pa díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣe é: iná tọ́ọ̀ṣì ní agogo mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn òjò, garawa omi iyọ̀ lọ́wọ́, òru mẹ́rin léraléra. Òru àkọ́kọ́ 61, òru kẹrin 12. Lẹ́yìn náà ni a da aràn tín-ín-rín tí a kò lè fojú rí sí i, Phasmarhabditis hermaphrodita, èyí tó ń wọ inú ìgbín lọ pa á. Ẹ da á nírọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tutù dáadáa, tí ìwọ̀n ilẹ̀ ju 5°C lọ. Agbára rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oògùn wóró búlúù àtijọ́ tó ní metaldehyde, wọ́n ti fòfin dè é níta láti ọdún 2022. Tí ẹ bá rí i nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí ẹ jogún, ẹ má lò ó.

Ìpele 5: Ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, ewébẹ̀ tó tún jẹ́ òdòdó

Apá yìí ló mú oko náà lárinrin jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òdòdó ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n mọ Celosia, ìyẹn ṣọkọ, sí. Wọ́n ń tò ó síwájú ilé. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń sọ ọkọ di yọ̀kọ̀tọ̀. Ebè yìí gba méjèèjì, bí ẹ bá mọ èyí tí ẹ ó gé àti èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀.

Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 15 sí 15, ìyẹn 20 nínú apá kan. Nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 12 sí ilẹ̀, kí oríkèé mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣẹ́kù. Ẹ̀ka á yọ láti ibẹ̀. Ẹ má fà á tu bí àwọn alátà ọjà ṣe ń fà á. Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹ ó jẹ ẹ́ nìyẹn. A gé mẹ́rìndínlógún, a fi mẹ́rin ìparí sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Gígé àkọ́kọ́ mú gíráàmù 400 wá, ó tó ìkòkò ẹ̀gúsí kan fún ènìyàn mẹ́rin. A tún gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta.

Ọ̀sán gígùn London ràn án lọ́wọ́. Nínú oṣù kẹfà, ilẹ̀ máa ń mọ́ fún wákàtí 16 àti ààbọ̀, ṣọkọ kì í sì í kánjú tanná nígbà tí ọ̀sán bá gùn. Ewé rẹ̀ ń wá títí oṣù kẹjọ. Ìgbà tí ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí kúrú ni mẹ́rin tí a fi sílẹ̀ gbé orí sókè, funfun tó ní pupa rẹ́súrẹ́sú, tó ń dán bí sílíkì. Òdòdó yìí ni gbogbo ẹni tó ń kọjá máa ń dúró wò, ibẹ̀ sì ni orúkọ obìnrin Ìjẹ̀bú náà ti máa ń wọ ọ̀rọ̀, torí kò sí ẹni tó wò ó tí kò béèrè ibi tó ti wá.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má jẹ Celosia tí ẹ rà ní ilé ìtajà òdòdó. Wọn kò gbìn ín fún jíjẹ, ẹ kò sì mọ oògùn tí wọ́n fín sí i. Tí ẹ bá ń se tiwa, ẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù. Omi náà máa ń dúdú.

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, kò sì tẹ́ níbí. Ohun kan péré ni ká sọ nípa rẹ̀: ẹ bomi rin ín. Gbogbo ebè náà ń mu lítà 80 lọ́sẹ̀ nígbà tí òjò kò bá rọ̀, kẹ́ẹ̀ǹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, nídìí, kì í ṣe lórí ewé.

Ìpele 6: Ilá tó ga tí kò so

Wọ́n ní ilá kì í ga ju ẹni tó gbìn ín. Ti Abẹ́òkúta yìí dé mítà 1.6 nínú oṣù kẹjọ, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, kò ní ẹyọ òdòdó kan. Àwa rò pé ajílẹ̀ ló pọ̀ jù, a fi oúnjẹ tòmátì sí i, kò yí padà. Oṣù kẹwàá ni èéhù òdòdó yọ, òtútù sì pa á.

Ọ̀sán gígùn náà ni. Ilá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan wà tí kì í tanná títí ọ̀sán á fi kúrú tó wákàtí méjìlá. Nílé, kò sí ìṣòro. Ní London, ọ̀sán kì í dé ibẹ̀ títí ìparí oṣù kẹsàn-án. Fún ọbẹ̀, ẹ gbin irú ilá tí wọ́n ń pè ní Clemson Spineless, tí kò ka gígùn ọ̀sán sí. Ẹ ká a ní ọjọ́ kárùn-ún lẹ́yìn òdòdó, kó tó ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ.

Ṣùgbọ́n irúgbìn ọ̀rẹ́ ni ti Abẹ́òkúta, a kò lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún kejì, a gbin méjì sínú ìkòkò lítà 10 nínú ilé gíláàsì. Nígbà tí wọ́n ga tó sẹ̀ǹtímítà 40, láti ogúnjọ́ oṣù kẹfà, a ń fi nǹkan bò wọ́n láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ lójoojúmọ́. Aṣọ funfun ni a kọ́kọ́ fi bò ó: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò. Garawa ìdalẹ̀nù dúdú tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ló ṣe é. Ẹ gbé ìkòkò sábẹ́ òjìji kí ẹ tó bò ó, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè se é. Èéhù òdòdó yọ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí garawa bẹ̀rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú, ọkàn rẹ̀ pupa dúdú, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì fi ń là.

Ìpele 7: Ẹ̀wà àti òdòdó oòrùn

Ọ̀pá mẹ́fà, mítà 2.4, ìlà méjì, sẹ̀ǹtímítà 30 láàárín ara wọn, a so orí wọn pọ̀. Irúgbìn méjì nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa èyí tó rẹ̀yìn tu. Òdòdó pupa rẹ̀ máa ń jábọ́ láìso bí ilẹ̀ bá gbẹ. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ bọ̀ ọ́ jinná. Òdòdó oòrùn mẹ́ta. Nígbà tí ewé òdòdó bá rọ, ẹ fi àwọ̀n dì í lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹyẹ á kó o tán.

Owó

Pákó méjì £28, igi igun £7, síkúrù £5, ajílẹ̀ £49, ilẹ̀ ọlọ́ràá £48, ọ̀pá £6, aṣọ ìbora £6, aràn apagbín £12, irúgbìn ilá Clemson àti àwọn àpò òdòdó £9. Gbogbo rẹ̀ £170. Ayùn tó kán kò sí nínú rẹ̀.

Ìpele 8: Kíkó irúgbìn, àti orúkọ tó parẹ́

Yíǹkì dúdú tí wọ́n ní kì í parẹ́ ni a fi kọ orúkọ ọ̀rẹ́ sára ike. Ní oṣù kẹjọ, oòrùn ti nu mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ẹ lo pẹ́ńsùlù lórí ike funfun. Ó pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Tàbí kí ẹ gé agolo ohun mímu pẹlẹbẹ, kí ẹ fi bírò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyẹn kò ní parẹ́ rárá. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó kọ: orúkọ ewébẹ̀, ọdún, ẹni tó fúnni.

Orí ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀: ẹ fi àpò aṣọ tín-ín-rín dì í kí òdòdó tó là, torí tẹ̀tẹ̀ máa ń gba àtíkè òdòdó tẹ̀tẹ̀ mìíràn láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ gé e sínú àpò bébà, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fẹ́ ìdọ̀tí kúrò. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ lórí igi títí yóò fi máa dún wóró-wóró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lórí bébà nínú ilé, gbogbo rẹ̀ wọ ìgò onídèérí pẹ̀lú síbí ìrẹsì méjì tí a ti yan gbẹ, ó di inú fíríìjì.

Ṣọkọ ọdún yìí tó gíráàmù 9, tẹ̀tẹ̀ 22, ewédú 6, ẹ̀wà wóró 74, òdòdó oòrùn ẹ̀kúnwọ́ kan. Ilá Abẹ́òkúta, èso kan ṣoṣo ló gbó délẹ̀, irúgbìn 38. A pín in sí àpò mẹ́ta, 13, 13 àti 12, nínú fíríìjì ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ fúnni wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú àpò onímẹ́tàlá kan ni a ó ti mú mẹ́rin gbìn ní ìparí oṣù kẹrin.